Bí ẹ ṣe lè mọ iye tó tọ́ fún ọkọ̀ àtijọ́ kí ẹ tó tà á lọ́wọ́ ara yín

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, èmi ni ẹbí wa ní Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ní kí n ta ọkọ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀. Toyota Carina E ni, ọkọ̀ ọdún 1996. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá wò ó sọ pé òun máa san 650,000 sẹ́fà, mo sì gbà lójú ẹsẹ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ nígbà yẹn ni pé Nàìjíríà ti ti ẹnubodè, pé ọjà ọkọ̀ ti kú. Kò tíì pé oṣù kan tí mo fi rí ọkọ̀ náà ní Pọ́bẹ̀. Wọ́n ti fi táyà tuntun méjì sí i, wọ́n kun bọ́ńpà iwájú, wọ́n lẹ ìwé mọ́ gíláàsì pé títà ni. Mo bèèrè iye rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rà á. Wọ́n ní 1,050,000.

Ìyá mi ò bínú nígbà tí mo sọ fún wọn. Wọ́n kàn bi mí pé, "Báwo lo ṣe mọ̀ pé 650,000 ni iye rẹ̀?" Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Ẹni tó rà á ò rẹ́ mi jẹ. Òótọ́ ni pé ẹnubodè tí wọ́n tì ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn ba ọjà àwọn tó ń gbé tòkunbọ̀ láti Kútọnu wọ Nàìjíríà jẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni ì bá gbé Carina ọlọ́dún mẹ́tàlélógún, tó ti ní nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ lára, kọjá ẹnubodè? Àwọn olùkọ́ àti àwọn oníṣòwò àgbàdo ládùúgbò wa ló ń ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn yẹn sì wà níbẹ̀. Ìròyìn ọjà ẹlòmíràn ni mo fi díyelé ọjà tèmi.

Láti ìgbà náà, bí ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ bá fẹ́ ta ọkọ̀ ní Kétu, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè), mo máa ń bá wọn jókòó ṣírò ó sórí ìwé. Iye tí mo kà sí iye tó tọ́ ni èyí tí ẹ lè fi ìwé kan ṣàlàyé fún ìyá yín nílé, tí ẹ sì lè fi ìwé kan náà ṣàlàyé fún ẹni tó ń rà á. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ọkọ̀ tó wà níwájú yín gan-an

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Corolla 2008 láwọn ní, torí pé ọdún 2008 ni wọ́n gbé e dé Kútọnu. Ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ àti ọdún tó dé ilẹ̀ wa kì í ṣe ọ̀kan náà, àṣìṣe yìí nìkan sì lè gbé iye ọkọ̀ yẹ̀ pátápátá.

Ẹ wá nọ́ńbà ṣásí. Ó máa ń wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀, tàbí lára férémù ilẹ̀kùn, tàbí nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Fún ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọdún 1981, àmì mẹ́tàdínlógún ló máa ń jẹ́, lẹ́tà I, O àti Q kì í sì sí nínú rẹ̀. Bí àmì àkọ́kọ́ bá jẹ́ 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. 2 jẹ́ Kánádà, J jẹ́ Japan, W jẹ́ Jámánì, VF sì jẹ́ Faransé. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ló ń sọ ọdún: 4 jẹ́ 2004, 9 jẹ́ 2009, A jẹ́ 2010, B jẹ́ 2011. Ẹ má fi èyí ka ọkọ̀ Yúróòpù, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í kọ ọdún síbẹ̀. Ọjọ́ tí ọkọ̀ kọ́kọ́ wọ títì, tó wà lórí carte grise (ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀), ni kí ẹ wò fún wọn.

Ẹ fi nọ́ńbà ara ṣásí wé ti carte grise, lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá yàtọ̀, ẹ dá ìṣírò dúró ná kí ẹ lọ yanjú rẹ̀, torí kò sí iye tó tọ́ fún ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo òǹkà ìrìn. Máìlì ni ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń kà, kì í ṣe kìlómítà, máìlì kan sì jẹ́ kìlómítà 1.609. Ọkọ̀ tí òǹkà rẹ̀ wà ní 168,000 ti rin nǹkan bíi kìlómítà 270,000. Mo ti rí ẹni tó kọ ọ́ síta pé "kìlómítà 168,000 péré", kò sì mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kó iye ọkọ̀ tó jọ ọ́ jọ

Iye mẹ́ta ló wà lọ́jà tí a kò gbọ́dọ̀ dà pọ̀. Èkíní ni iye ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó wà ní àwọn páàkì ọ̀nà Kútọnu sí Àjàṣẹ́: èrè oníṣòwò wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ náà ò sì tíì fẹsẹ̀ kan ihò ilẹ̀ wa. Ìkejì ni iye tí ẹni tó ń rà kó lè tún tà máa san fún yín. Owó rẹ̀ máa ń wà lápò, ìdí nìyẹn tí iye rẹ̀ fi máa ń kéré jù. Òun ni mo gbà ní 2019. Ìkẹta ni iye láàárín ẹni tó ń lo ọkọ̀ àti ẹni tó fẹ́ máa lò ó. Ìkẹta yìí là ń wá.

Ẹ wá ọkọ̀ méje ó kéré tán: orúkọ kan náà, ẹ́ńjìnnì kan náà, ọdún tí kò ju méjì lọ síwájú tàbí sẹ́yìn, tó sì ti ní nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì yín, torí òun ló mọ ẹni tó tà lóṣù tó kọjá. Ẹ bá àwọn awakọ̀ takisí Wàńdó ní Àjàṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ wo Facebook, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé iye tí wọ́n pè ló wà níbẹ̀, kì í ṣe iye tí wọ́n gbà. Ẹ pe àwọn tí ọkọ̀ wọn ti kúrò lórí rẹ̀ kí ẹ sì bèèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ta irú ọkọ̀ yín ni. Èló ni ẹ gbà níkẹyìn?" Ọ̀pọ̀ máa ń sọ òótọ́, torí wọn ò ní nǹkan kan láti pàdánù mọ́.

Ẹ má ṣe yí náírà padà sí sẹ́fà kí ẹ fi ṣe iye ọkọ̀ yín. Láti oṣù kẹfà 2023 tí iye náírà ti já wálẹ̀ gan-an, iye tí ẹ bá rí ní Ìlaròó tàbí ní Èkó lónìí lè ti yí padà kí oṣù tó parí. Ní ti Yúróò, kò sí ìyípadà níbẹ̀, sẹ́fà 655.957 ni ọ̀kan. Síbẹ̀, iye ọkọ̀ ní Páríìsì kò ní owó ọkọ̀ ojú omi àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù nínú, kò sì mọ bí a ṣe fẹ́ràn Toyota tó níhìn-ín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: iye àárín ni ẹ mú, kì í ṣe ìpíndọ́gba

Ẹ jẹ́ kí n fi Corolla 2004 ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ fi iye ọjà tiyín rọ́pò èyí tí mo kọ yìí, torí ọ̀nà ìṣírò ni mò ń fi hàn. Ká ní iye tí ẹni méje pè nìyí:

1,450,000; 1,600,000; 1,700,000; 1,750,000; 1,850,000; 1,900,000; 2,600,000.

Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí ẹ sì fi méje pín in, ẹ máa rí nǹkan bíi 1,836,000. Ṣùgbọ́n ẹ wo ti ìkẹyìn, 2,600,000. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ tòkunbọ̀ tó yọ́ wọlé, tàbí ẹni tí kò fẹ́ tà ní ti gidi. Òun nìkan ló fa ìpíndọ́gba sókè. Èyí tó wà láàárín, tí mẹ́ta wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí mẹ́ta wà lókè rẹ̀, ni 1,750,000. Òun ni ẹ mú.

Ẹ wá yọ àlàfo tó wà láàárín iye pípè àti iye gbígbà. Ká ní mẹ́ta nínú wọn ti tà: ẹni tó pe 1,600,000 gba 1,450,000, ẹni tó pe 1,700,000 gba 1,550,000, ẹni tó pe 1,850,000 gba 1,700,000. Àlàfo 150,000 nìyẹn. Yọ ọ́ kúrò nínú 1,750,000, ó ku 1,600,000. Ìpìlẹ̀ yín nìyí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń dúró nìyí pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ibí gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kí ni ọkọ̀ yìí máa gbà lọ́wọ́ ẹni tó rà á láàárín ọdún kan?

Ọkọ̀ tó bá ti lé lógún ọdún, ọdún tí wọ́n ṣe é kọ́ ló ń sọ iye rẹ̀ mọ́. Corolla 2004 méjì lè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí iye wọn fi 500,000 yàtọ̀. Owó tí ọkọ̀ náà fẹ́ jẹ lọ́jọ́ iwájú ni ẹ ní láti mọ̀. Ẹ san owó díẹ̀ fún mẹkáníìkì tí kì í ṣe ẹni tó ń tún un ṣe tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì dúró tì í.

Àárọ̀ ni kí ẹ wò ó, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń rà, ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kí ẹnikẹ́ni tán. Bó bá ti gbóná, wọ́n ti tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí ẹ tó dé, ẹ sọ pé ẹ máa padà wá lọ́la. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, kí ẹ yí i wò lábẹ́. Bí ohun funfun tó ki bí ògì bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kí omi ti wọ ọ́ìlì, owó ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Ẹ wá tan ẹ́ńjìnnì. Èéfín tó ní àwọ̀ aró túmọ̀ sí pé ó ń jó ọ́ìlì. Èéfín funfun díẹ̀ láàárọ̀ kì í ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n bó bá ń rú lọ títí tó sì ń rùn bí ohun dídùn, omi tútù ẹ́ńjìnnì ló ń jó. Èéfín dúdú jẹ́ ti epo tó pọ̀ jù.

Ẹ mọ ìṣe ẹ́ńjìnnì tó wà níbẹ̀. Camry ọdún 2007 sí 2009 tó ní ẹ́ńjìnnì 2.4 ni a mọ̀ sí ajẹ-ọ́ìlì. Toyota fúnra wọn ní Amẹ́ríkà fi àkókò kún ìdánilójú àtúnṣe fún un nítorí rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Corolla 2004 ní ṣéènì nínú, ti Carina E bàbá mi sì jẹ́ bẹ́líìtì tí a gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 100,000. Bí ẹni tó ni ọkọ̀ oníbẹ́líìtì kò bá lè sọ ìgbà tó pààrọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn, ẹ yọ owó rẹ̀ lódidi.

Bí gíà bá jẹ́ èyí tó ń yí ara rẹ̀ padà (ọ̀tọ́máátíìkì), ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fi sí D, ẹ fi sí R. Bó bá pẹ́ kó tó mú, tàbí tó kan gbàgà kó tó mú, ẹ yọ ọ̀pá òróró gíà wò. Pupa ló yẹ kó jẹ́. Bó bá ti di àwọ̀ ilẹ̀, tó ń rùn bí ohun tó jóná, gíà náà ti ń lọ sópin, gíà sì wọ́n ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ.

Ọ̀rọ̀ kpayo, epo tí wọ́n ń yọ́ gbé wá láti Nàìjíríà, ò ṣeé fò. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú epo náà sínú ìgò àti kẹ́ẹ̀gì létí títì, nínú òòrùn àti eruku. Lọ́dún tó kọjá, a tú asẹ́ epo ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní Àjàṣẹ́, mẹkáníìkì sì gbọ̀n ọ́n sórí àwo tángaran funfun kan. Ohun tó jáde dúdú bí èédú, omi ń yí kiri nínú rẹ̀ ní kóróbótó kóróbótó. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà máa ń tan, ó sì máa ń rìn. Pọ́ǹpù epo rẹ̀ nìkan ló ń kùn bí oyin. Pọ́ǹpù yẹn àti ojú tí ẹ́ńjìnnì fi ń tú epo máa béèrè owó láìpẹ́. Ẹ dákẹ́ kí ẹ fetí sí ìdí àga ẹ̀yìn nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́.

Ibi tí ọkọ̀ ti gbé náà ń sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ tó ti pẹ́ ní Sẹ̀mẹ̀ àti Kútọnu, afẹ́fẹ́ iyọ̀ òkun ti jẹ ẹ́, ẹ wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti abẹ́ káfẹ́ẹ̀tì fún ìpata. Ọkọ̀ Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ kì í sábà pata bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa ń lọ: ẹ wà á gba ọ̀nà ilẹ̀ pupa, kí ẹ sì gbọ́ bí ṣọ́ọ̀kì bá ń kan kọ́kọ́kọ́.

Táyà ní ọjọ́ orí tirẹ̀ lára. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn DOT: 3219 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n ọdún 2019. Ẹ tún wo rọ́bà ẹsẹ̀ bíréèkì. Bó bá ti jẹ débi pé irin ń yọ, tí òǹkà sì ní kìlómítà 90,000 ló rìn, ẹ má gba òǹkà náà gbọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ má yọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì

Èyí ni ó ṣòro jù, tí àwọn alárinà sì fi ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn. Wọ́n máa tọ́ka sí ọ̀dà tó ti pá, sí àga tó ti ya, wọ́n á ní kí ẹ yọ 100,000. Ṣùgbọ́n ọ̀dà gbogbo ọkọ̀ méje tí ẹ kó jọ ti pá. Ọjà ti yọ ọ́ kúrò nínú iye àárín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó mú ọkọ̀ yín burú ju àwọn méje yẹn lọ nìkan ni ẹ yọ, ohun tó mú un dára jù wọ́n lọ nìkan ni ẹ fi kún un.

Ẹ má sì retí kí gbogbo owó tí ẹ ná padà. Ẹni tó fi 400,000 tún ẹ́ńjìnnì ṣe kò sọ ọkọ̀ náà di ọlọ́wọ̀n ní 400,000. Ó kàn dá a padà sí ibi tí àwọn tó kù wà ni. Ìwé ẹ̀rí owó máa ń ran ẹ lọ́wọ́ díẹ̀, torí ó ń fi ọkàn ẹni tó ń rà balẹ̀.

Fún Corolla wa, ká ní ìpìlẹ̀ jẹ́ 1,600,000. Táyà iwájú méjì ti parí: yọ 70,000. Ṣọ́ọ̀kì iwájú pẹ̀lú owó iṣẹ́: yọ 70,000. Ẹ̀rọ amúlétutù ò tutù, ti púpọ̀ nínú àwọn méje sì ń ṣiṣẹ́: yọ 90,000. Ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀ tí ìjọba ń béèrè ti kọjá ọjọ́ rẹ̀, a sì jẹ owó orí ọkọ̀: yọ 40,000. Bátìrì tuntun tó ní ìwé ẹ̀rí: fi 20,000 kún un. Ó ku 1,350,000.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìlú àti àkókò

Ọkọ̀ tí ẹ lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà ní Kétu lọ́jọ́ kan náà níye lórí ju èyí tí ẹ ní láti dúró de Kútọnu lọ. Fún Ṣábẹ̀ẹ́, tó jìnnà sí Kútọnu ní nǹkan bíi 250 kìlómítà, ọ̀rọ̀ yìí ti lágbára jù. Láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo ní oṣù karùn-ún 2023, kpayo náà ti wọ́n, àwọn ènìyàn sì ń bèèrè iye lítà tí ọkọ̀ ń mu kí wọ́n tó bèèrè ọdún rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ńlá ń pẹ́ kó tó tà. Bí ẹ bá ń ta irú rẹ̀, àwọn ọkọ̀ tó tà láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin sẹ́yìn nìkan ni kí ẹ fi wé e. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ má tà nígbà tí owó ilé-ìwé ọmọ ń lé yín ní oṣù kẹsàn-án. Àwọn tó ń rà mọ̀ pé àkókò náà nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ keje: iye pípè, ìdúnàádúrà àti ìwé

Ẹ kọ iye mẹ́ta sílẹ̀ kí oníbàárà tó dé. Iye tí ẹ retí ni 1,350,000. Iye tí ẹ máa pè ni 1,500,000, torí àlàfo 150,000 tí a rí lọ́jà ni àyè ìdúnàádúrà yín. Iye tí ẹ kò ní lọ sísàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,300,000, ó sì gbọ́dọ̀ ju ohun tí aláràtúntà kan ṣetán láti san fún yín lónìí lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kúkú ta á fún un kí ẹ sinmi.

Ẹ sọ àléébù tí ẹ mọ̀ fún oníbàárà kí ó tó rí i. Mo ti rí i léraléra pé ẹni tí a fi ìwé ìṣírò hàn kì í fa iye wálẹ̀ bí ẹni tó ń fura. Ó máa ń jiyàn lórí owó ṣọ́ọ̀kì, kì í jiyàn lórí gbogbo ọkọ̀ mọ́.

Ní ti ìwé: orúkọ ara carte grise gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni tó ń tà. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti olóògbé, ẹ kó àwọn ọmọ àti ìyàwó rẹ̀ jọ kí wọ́n gbà ní kíkọ kí ẹ tó pe oníbàárà kankan. Àwa náà ṣe é, òun nìkan ni ohun tí mo ṣe dáadáa ní 2019. ANaTT, àjọ ìjọba Bẹ̀nẹ̀ tó ń bójú tó ìrìnnà orí ilẹ̀, ni wọ́n ti ń yí orúkọ padà, ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tó máa san owó náà, torí ó jẹ́ ara iye ọkọ̀. Ẹ ka owó ní báńkì, kì í ṣe lábẹ́ igi.

Ẹ kọ ìwé títà ní ẹ̀dà méjì: orúkọ ẹ̀yin méjèèjì, nọ́ńbà ṣásí, òǹkà ìrìn, iye, àti àléébù tí ẹ ti sọ. Ẹ kọ ọjọ́, kí ẹ sì kọ wákàtí pẹ̀lú. Bí oníbàárà bá fi ọkọ̀ náà kọ lu nǹkan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà kí orúkọ tó yí padà, wákàtí yẹn ló máa fi hàn pé kò sí lọ́wọ́ yín mọ́.